Ẹ̀gbọ́n tó dúró sí ọmọ ogún ọdún: ẹ wá sọ ìrírí yín nípa àwọn ọmọ ogun ọkọ̀ abẹ́ omi

Ìyá Ìbejì, Gosport

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo kàn ń wá ibi tí màá sọ ọ́ sí ni. Gosport ni mò ń gbé, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní òdìkejì omi sí Portsmouth. Iṣẹ́ kíà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí: ká wẹ arúgbó, ká fún wọn lóògùn, ká po tíì. Lọ́dún 2016 ọ́fíìsì wa yan màmá òyìnbó kan fún mi, ẹni ọdún 84. Wọ́n ní orúkọ àwọn ni kí n máa pè. Ẹnu mi kọ̀ ọ́ jálẹ̀. "Màmá" ni mò ń pè wọ́n, nígbà tó yá àwọn náà ń jẹ́ ẹ.

Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà lára ògiri pálọ̀ wọn: ọmọkùnrin kan tó dé fìlà ọmọ ogun ojú omi, etí rẹ̀ méjèèjì ta síta, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dápàárá fún. Mo bi wọ́n pé ṣé ọmọ ọmọ wọn ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ẹ̀gbọ́n kẹ̀! Ọmọ ogún ọdún! Àbúrò ti hewú, ó ti ń fi ọ̀pá rìn, ẹ̀gbọ́n ò kúrò lójú kan. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, mi ò mọ̀ bóyá "ó" ni kí n máa pè é tàbí "wọ́n".

Ọkọ̀ abẹ́ omi ló bá lọ nígbà ogun Hitler, ọ̀kan lára àwọn kékeré tó fi erékùṣù Malta ṣe ibùdó. Lọ́dún 1942 ọkọ̀ náà jáde, kò wọlé mọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí iṣẹ́ wa ò gba ká máa tú àṣírí onílé. Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun yẹn á ti gbọ́ nípa ọkọ̀ Upholder, ọ̀kan lára wọn, tí ọ̀gá rẹ̀, Wanklyn, gba Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìnàjò ogun rẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló bá lọ ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà. Ká ní ó dé ni, ilé ló kàn fún wọn. Ẹnì kan ò ṣẹ́kù nínú wọn.

Gosport yìí gan-an ni ilé àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mùsíọ́mù wọn wà níbí, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Alliance sì dúró síbẹ̀ tí èèyàn lè wọ inú rẹ̀. Mo lọ lọ́jọ́ ìsinmi mi. Ìparí ogun ni wọ́n kan èyí, ó tóbi ju àwọn ti Malta lọ dáadáa, síbẹ̀ orí mi gbá irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó rìn ín dópin. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ abẹ́ omi rí ló mú wa kiri. Lójú ọ̀sán, abẹ́ omi ni wọ́n máa ń wà. Tó bá di òru, wọ́n á léfòó, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì dísù kó lè chájì bátìrì tí wọ́n máa lò lọ́jọ́ kejì, bí àwa náà ṣe ń fi jẹnẹrétọ̀ chájì ínfátà. Omi ìwẹ̀ ò sí. Òórùn dísù á wọ irun, á wọ búrẹ́dì, á wọ aṣọ débi pé tí wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì nígbà ìsinmi, èrò á máa sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ibẹ̀ ni ohun tí Màmá ti ń sọ tipẹ́ ti yé mi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọn wálé kẹ́yìn, ìyá wọn gba ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn yẹn lè lọ. Ìyá wo ni kò ní fọ̀ ọ́? Ọjọ́ tí wáyà (tẹligíráàmù) dé, wọ́n yọ ṣẹ́ẹ̀tì náà jáde, òórùn ọṣẹ nìkan ló kù lára rẹ̀.

Wáyà ọ̀hún ò tiẹ̀ sọ pé ó kú. Wọn ò rí i, ohun tó sọ nìyẹn. Oṣù gorí oṣù kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e pé kí wọ́n gbà pé ó ti kú. Òkú ọ̀fọ̀ ni, àmọ́ òkú dà? Orúkọ rẹ̀ wà lára òpó ìrántí ní Southsea, ní Portsmouth, pẹ̀lú àwọn tó lé ní 24,000 tí òkun gbé nínú ogun méjèèjì. Mo fi kẹ̀kẹ́ ti Màmá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n ní òtútù ń mú àwọn, ká máa lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, Kiel

Ẹ ṣeun mà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n bá jà ni èmi ń gbé, ní Jámánì. Etí omi níbí, ní Möltenort, òpó gíga kan wà tí ẹyẹ idì bà lé. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun ọkọ̀ abẹ́ omi tiwọn sí, lára bàbà, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nínú nǹkan bí 40,000 tó lọ sójú ogun Hitler nínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, nǹkan bí 30,000 ni kò padà.

Mo ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ lọ ni mo rí U-69. Mo wá a lórí fóònù, ara mi bù máṣọ. Oṣù karùn-ún 1941 ni ọkọ̀ yìí wá ri àdó olóró sínú omi lẹ́nu èbúté Èkó. Èkó tiwa gan-an! Wọ́n ya màlúù tó ń rẹ́rìn-ín sára rẹ̀, bí ẹni ń lọ síbi eré. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ri ọkọ̀ èrò Caribou nítòsí Kánádà, àwọn tó bá a lọ lé ní 130, tọmọdé tobìnrin. Ní oṣù kejì 1943 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì rí òun náà, gbogbo àwọn 46 inú rẹ̀ ló kú.

Ìyá arúgbó kan gbé òdòdó sílẹ̀ nítòsí mi. Kì í ṣe U-69 ni tiẹ̀, mi ò sì béèrè. Mo kí i. Ká sọ òótọ́, mi ò rí omi kan dà lójú fún àwọn yẹn. Àmọ́ mo ṣí fìlà.

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, etí omi ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tí omi bá gbé lọ́dọ̀ wa, a máa ń dúró dè é títí di ọjọ́ kẹta kó léfòó. Ṣé nínú irú ọkọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò jáde rí ni?

Ìyá Ìbejì, Gosport

Àbúrò mi, àwọn kan jáde, wọn ò pọ̀. Èyí tí Màmá mọ̀ jù ni ti Perseus. 6 oṣù kejìlá 1941 ló kọlu àdó olóró nítòsí Kefalonia, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Àwọn 61 ló wà nínú rẹ̀. John Capes nìkan ló yè, èrò lásán sì ni, ó kàn fẹ́ bá ọkọ̀ ọ̀hún dé Alexandria, ní Íjíbítì, ni. Ó wọ ẹ̀rọ ìmí, ó gba ihò ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde láti ìsàlẹ̀ tó jìn tó nǹkan bí 50 mítà, ó wẹ̀ dé etíkun lóru. Àwọn ará erékùṣù náà fi í pa mọ́ fún oṣù 18. Nígbà tó délé, ọ̀pọ̀ ló pè é nírọ́. Ọdún 1997 ni àwọn òmùwẹ̀ Gíríìsì tó rí ọkọ̀ náà, tí wọ́n bá ihò yẹn ní ṣíṣí bó ṣe wí. Òun fúnra rẹ̀ ti kú nígbà náà.

Màmá ní ọkùnrin yìí ló ba ti ìyá àwọn jẹ́. Látìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún un mọ́ pé ọmọ rẹ̀ kú. Ó ní tí wọ́n bá lè fi tọ̀hún pa mọ́ fún oṣù 18, ta ló mọ ẹni tó fi tòun pa mọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbé Màmá lọ sí ọsibítù, mo yà nílé epo. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń ra dísù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, díẹ̀ dà sílẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo fẹ́ yí gíláàsì sókè, Màmá dì mí lọ́wọ́ mú. Wọ́n yí tiwọn wálẹ̀ pátápátá, wọ́n dijú. Mo ti sanwó, mo ti de bẹ́líìtì. Mọ́tò ẹ̀yìn wa fọn fèrè, ó tún fọn. Mi ò ṣí kúrò.