Ìdí omi, ìdí òòfà: kí la ó máa pe ibi iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì?

Ẹ̀yin èèyàn wa, mo kí yín láti Kétu, ní ilẹ̀ Benin.

Ọ̀rọ̀ yìí ti gùn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dá sí i. Àwa olùkọ́ mélòó kan níhìn-ín fẹ́ tẹ káàdì pélébé pélébé lédè Yorùbá fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní EST (Éducation scientifique et technologique), láti CE1 dé CM2, ìyẹn ọdún kẹta dé ọdún kẹfà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni pé olùkọ́ á to tábìlì sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, á gbé ohun èlò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: omi àti ọsàn níhìn-ín, òòfà àti ìṣó lọ́hùn-ún, dígí àti tọ́ọ̀ṣì ní kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọn ọmọ á pín sí ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á lo bí ìṣẹ́jú 15 nídìí ohun kan, wọ́n á sì bọ́ sí òmíràn títí wọn yóò fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Ibi tí ẹgbẹ́ kan ti ń ṣiṣẹ́ yẹn la ò rí orúkọ fún. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìbàdàn ní kí á pè é ní "ibùdó ìwádìí". Àǹtí wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní kí á má da ara wa láàmú, "àtẹlíyè" ti Faransé ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, kí á fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àbúrò wa láti Ṣábẹ (Savè) ní "ìsọ̀" ló dáa jù. Ẹnì kan tún dá "àtẹ" sí i.

Ẹ jẹ́ kí n mú "ibùdó" ná, nítorí òun ló rí alátìlẹ́yìn jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ gidi ni, a sì ti mọ̀ ọ́n nínú "ibùdókọ̀". Ohun tí kò jẹ́ kó wọ̀ mí létí ni pé ibùdó jẹ́ ibi tí èèyàn gbẹ́rù kalẹ̀ sí láti pẹ́. Ọmọ ogun ló ń dó. Ní Kétu níbí, ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ọdún 1886 mọ ohun tó ń jẹ́ pé ogun Dàhómì dó ti ìlú. Àwọn ọmọ wa kò dó ti omi inú abọ́. Ìṣẹ́jú 15 pé, wọ́n ti dìde.

Ti àǹtí wa, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Faransé ni wọ́n fi kọ́ àwa olùkọ́ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ Faransé ló sì kọ́kọ́ ń bọ́ sí wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ CE2 ohun tó ń jẹ́ àtẹlíyè. Á ní ọ̀dọ̀ télọ̀ ni, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jó irin. Ẹ wá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀: á ní ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu ni, níbi tí wọ́n ti ń fúnni lówó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ tó ti níṣẹ́ méjì lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi.

"Àtẹ" dùn mọ́ mi díẹ̀, torí pé a ń pàtẹ nǹkan lóòótọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé àtẹ náà la ń pe ojú ìwé tí a fi ìlà pín, tí ọmọ á kọ "ó léfòó" sí apá kan, "ó rì" sí apá kejì. Ẹ wá wo káàdì tó sọ pé: "Ní àtẹ kejì, kọ ohun tí o rí sínú àtẹ." Olùkọ́ kò ní jókòó lọ́jọ́ náà.

Ìdí ni tèmi. Ẹ padà wo gbólóhùn tí mo fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà lókè: mo ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á lo ìṣẹ́jú 15 "nídìí ohun kan", ó sì dá mi lójú pé kò sí ẹni tó dúró béèrè ohun tí mo ń wí. Bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn nígbà tí ohun èlò bá wà lójú kan, tí èèyàn sì sún mọ́ ọn tó ń fi ṣe nǹkan. Ìyá wà nídìí ààrò. Ahunṣọ wà nídìí òfì. Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ. Babaláwo wà nídìí Ifá, àwọn bàbá arúgbó sì wà nídìí ayò lábẹ́ igi. Kì í ṣe ibi lásán ni ìdí ń tọ́ka sí níbẹ̀. Ó ń sọ pé ọwọ́ onítọ̀hún wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọ ẹni lọ́lẹ, kò sí ẹni tó pa á lówe pé ibùdó iṣẹ́ ẹni. Nítorí náà orí káàdì wa á kàn jẹ́ Ìdí Omi, Ìdí Òòfà, Ìdí Ìmọ́lẹ̀, Ìdí Kánún, Ìdí Irúgbìn. Tí olùkọ́ bá ní "Ẹgbẹ́ Àṣá dà?", ọmọ á dáhùn pé "A wà nídìí òòfà." Kò sí ohun tí a ní láti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀.

Ìdí sì tún ni ohun tó fa nǹkan. "Kí nìdí?" ni ìbéèrè tó yẹ kó kẹ́yìn gbogbo káàdì. Mi ò ní gbé ìyẹn ga jù o, eré ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò pa wá lára.

Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ẹnì kan tiẹ̀ ti bi mí bóyá mo fẹ́ kí CM1 rẹ́rìn-ín kú lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá ní kí wọ́n lọ sí ìdí omi, nítorí pé ẹ̀yà ara ni ìdí. Ẹ̀yà ara ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba Ìgòlò wọ Nàìjíríà, Ìdí-Ìrókò ló bọ́ sí, mi ò sì tíì rí aṣọ́bodè tó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ìdí ló ń sọ irú ìdí tó jẹ́. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rín lẹ̀ ń bẹ̀rù, kí ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ibùdó rọra pín ọ̀rọ̀ tiyín sí wẹ́wẹ́ níwájú CM2, kí ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá dé sílébù tó kẹ́yìn.

Ibì kan wà tí ìdí ti kọsẹ̀: kò ṣeé kà. Tí olùkọ́ bá ní "ìdí mẹ́rin ló wà lónìí", ohun tí etí gbogbo wa máa gbọ́ ni pé ó fẹ́ ṣe àlàyé mẹ́rin. Níbẹ̀ ni àbúrò wa láti Ṣábẹ ti borí. Nígbà tí olùkọ́ bá ń kà wọ́n, tàbí tó ń ṣètò wọn sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀, kó sọ pé ìsọ̀ mẹ́rin. Wọ́n ti bi í pé ṣé àwọn ọmọ fẹ́ ra nǹkan ni. Ìbéèrè yẹn kò wọlé lójú mi. Lọ́jà, ẹrù kì í rìn, ẹni tó ń ná an ló ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ó ń gbé e wò, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń béèrè, ó ń kọjá. Ohun tí ibùdó kò ní gan-an nìyẹn. Ìsọ̀ fún kíkà, ìdí fún pípè. Àṣẹ tí olùkọ́ á fi mú wọn ṣí, "ẹ bọ́ sí ìdí tó kàn" ti tó; ẹ má jẹ́ kí á fi "ìṣípòpadà" dẹ́rù ba ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Èyí tó le jù ni orúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí náà. Ọ̀pọ̀ yín láti Nàìjíríà ń pè é ní àdánwò, àwọn míì ní ìdánwò. Lọ́dọ̀ wa, ìdánwò ni CEP, ti ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ ń ṣe ní òpin CM2. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ á fọwọ́ bo ìwé rẹ̀ kí ẹnì kejì má wò ó, bẹ́ẹ̀ a fẹ́ kí wọ́n jọ wò ó ni. Àdánwò ní tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á: ìpọ́njú ni. Ẹ ò lè sọ fún ìyá kan pé ọmọ rẹ̀ wà nínú àdánwò láti àárọ̀, kó má sáré wá sílé ẹ̀kọ́.

Àbá mi ni pé kí á fi orúkọ sílẹ̀ ná, kí á lo ọ̀rọ̀ ìṣe. Yorùbá ní ọ̀wọ́ kan tó máa ń parí sí "wò": tọ́ ọ wò, gbé e wò, wọ̀n ọ́n wò, fọwọ́ bà á wò, gbọ́ òórùn rẹ̀ wò, ṣe é wò. "Wò" ibẹ̀ kì í ṣe ti ojú mọ́. Ó ń sọ pé èèyàn ṣe nǹkan láti fi mọ nǹkan, sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì Ìdí Omi á kà báyìí: "Gbé ọsàn tí a kò bó sínú omi wò. Bó o. Tún gbé e sínú omi wò. Kí lo rí?" Èyí tó ní èèpo á léfòó, èyí tí a bó á rì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ tó há sínú èèpo fùlẹ́fùlẹ́ yẹn ló ń gbé e ró. Ọmọ tó ti pinnu pé ohun tó bá wúwo ló ń rì á dákẹ́ díẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́, ọsàn tí àwọn olọ́sàn fi abẹ fá ojú rẹ̀ kò tó o, ẹ bó o títí kan funfun tó wà lábẹ́.) Bí a bá ní dandan kó ní orúkọ, "ìṣewò" tẹ́ mi lọ́rùn: ìṣewò kìíní, ìṣewò kejì.

Ìdí Kánún ni ìtumọ̀ ti bá wa jà jù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kánún tí a lọ̀, á hó. Àwọn ọmọ á pariwo pé ó ń hó, ọ̀pọ̀ á sì fà sẹ́yìn kó má jó wọn, torí pé omi orí iná náà ń hó. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi ní kí á wá ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì dá "ìrúfóòmù" lábàá. Ẹ dákun, rárá. Ọṣẹ ń hó, ọbẹ̀ ń hó, ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú oko dé ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀, kí káàdì ní: "Fọwọ́ ba ara abọ́ náà wò. Ṣé ó gbóná?" Kò gbóná. Nínú omi orí iná, omi fúnra rẹ̀ ló di gáàsì tó ń rú jáde. Nínú kánún àti nínú ẹmu, gáàsì mìíràn ni, ọ̀kan náà tó wà nínú èémí tí a ń mí síta. Ọmọ tí a bá gba "hó" lẹ́nu rẹ̀ kò ní rí ìbéèrè yẹn béèrè rárá. Ẹ kàn rántí kọ ọ́ sórí káàdì pé kí wọ́n má fi ọwọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ nu ojú.

Ẹni tó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò tíì di sáyẹ́ǹsì àfìgbà tí a bá sọ ọ́ ní Faransé, kó wo ohun tí Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Òǹkà ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà tó fún wa láti má tún ìjà yẹn jà.

Ní ti "àfọwọ́ṣe", ìyẹn orúkọ fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹnì kan túmọ̀ La main à la pâte, orúkọ ètò tí Georges Charpak, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1992, dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1996, sí "ọwọ́ nínú ìyẹ̀fun tí a pò". Kí ni ìyẹ̀fun ń wá níbẹ̀? A ní "tọwọ́ bọ̀ ọ́", ohun tí Faransé ń sọ náà nìyẹn, pé kí ẹni má dúró wòran. Fún orúkọ, sáyẹ́ǹsì àfọwọ́ṣe dára, tí a ò bá ti gbé "iṣẹ́" síwájú rẹ̀. Òbí tó bá gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ á rò pé ẹní ni ọmọ ń hun.

Káàdì náà á jáde pẹ̀lú ɛ àti ɔ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Benin. Nítorí ẹ̀yin ará Nàìjíríà ni mo ṣe fi àmì ìsàlẹ̀ kọ èyí.

Ibi tí mo ti nílò yín báyìí ni Ìdí Ìmọ́lẹ̀. Dúdú tó ń sùn sílẹ̀ lẹ́yìn ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá, òjìji làwọn ọmọ ń pè é. Ohun tí wọ́n ń rí nínú dígí, òjìji náà ni. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, èyí kejì jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ta padà, a ò sì lè kọ orúkọ kan náà sórí káàdì kan fún méjèèjì. Àṣìpè ọmọdé kọ́ o, torí pé àwòjìji ni àwọn àgbà kan ń pe dígí. "Àwòrán" ni ẹnì kan dá lábàá fún ti inú dígí, ṣùgbọ́n fọ́tò àti ohun tí a fi pẹ́ńsùlù yà ti pín ìyẹn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́, kí lẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ yín? Ohun tí wọ́n ń sọ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́, ẹ fi ìwé atúmọ̀ èdè sílẹ̀ fún mi.