Ibo ni mo ti lè rí àwọn ayálégbé dúdú ara páìpù anẹ́mónì? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Mòòkùn_Peckham: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Lọ́dún tó kọjá ní Anilao, ní Philippines, mo ya fọ́tò ìbátan anẹ́mónì (ẹran inú òkun tó rí bí òdòdó) kan, irú èyí tó ń kọ́ páìpù sínú iyanrìn tó sì ń gbé inú ẹ̀, ìgbà tí mo délé tí mo wo fọ́tò náà lójú kọ̀ǹpútà ni mo tó rí nǹkan dúdú kéékèèké bí ìyẹ́ adìyẹ tó yí ọrùn páìpù náà ká. Wọ́n ní Phoronis ló ń jẹ́, irú aràn inú òkun kan. Mo fẹ́ padà lọ wá a dáadáa. Ibo ni kí n lọ, kí ni kí n mú dání? Owó ò pọ̀ o.

Ìyá Edé: Phoronis australis ni, ọmọ mi. Lembeh ni kí o lọ, ní Sulawesi, Indonesia, nítòsí Bitung. Iyanrìn dúdú ló kún ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n máa gbé ẹ kiri ibi coral (iyùn òkun) mèremère, ibi tó dà bí ààtàn tí àwọn tó kù ń sá fún, ibẹ̀ ni ilé wọn.

Táíwò_abẹ́omi: Ẹ má bínú mà, èmi ò fara mọ́ Lembeh. Ó ní owó ò pọ̀! Láti Manila, mọ́tò ló máa gbé e dé Anilao, Lembeh á tún ní kó wọ bàálù lọ sí Manado kó tó wọ mọ́tò. Kó fi owó bàálù yẹn gba gáìdì tó mojú ilẹ̀, kó sì fi fọ́tò yẹn hàn án kí wọ́n tó wọmi.

Aláìmọ̀wẹ̀: Èmi ò mọ̀wẹ̀ o, àmọ́ ṣé afòmọ́ kọ́ nìyẹn báyìí?

Ìyá Edé: Rárá o, afòmọ́ ń fa oúnjẹ lára igi, èyí ò fa nǹkan kan lára onílé, ìbátan anẹ́mónì yẹn. Onílé ló fi fọ́nrán ara ẹ̀, ikun àti iyanrìn kọ́lé, ayálégbé wá ṣe páìpù tín-ín-rín tiẹ̀ sínú ògiri, ó yọ orí síta, ọwọ́ wínníwínní orí ẹ̀ tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín ló fi ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pupa bíi tiwa. Ìfun ẹ̀ rí bíi lẹ́tà U, ìdí ẹ̀ ò jìnnà sẹ́nu rárá (ẹ má rẹ́rìn-ín). Wọ́n lè pọ̀ rẹpẹtẹ lára páìpù kan ṣoṣo, fésì-mí-n-fésì-ẹ gidi! Port Jackson ní Sydney, ní Australia, ni Haswell, onímọ̀ nípa ẹranko, ti rí èyí tó fún lórúkọ ní 1883.

Mòòkùn_Peckham: Kò wá san rẹ́ǹtì? 😂 Ẹ ṣé mà.

Lẹ́ǹsì100: Lẹ́ǹsì macro ni o, èyí tó ń ya nǹkan kéékèèké. Ojú onílé kọ́ ni kí o dojú kámẹ́rà kọ, ọrùn páìpù ni, sún mọ́ ilẹ̀, kí iná sì wá láti ẹ̀gbẹ́ torí dúdú lórí iyanrìn dúdú kì í hàn. Má fi bàtà pẹ́pẹ́yẹ tí a fi ń lúwẹ̀ẹ́ rú iyanrìn sókè. Èmi tan tọ́ọ̀ṣì ńlá sí wọn gbàà lálẹ́ ọjọ́ kan, gbogbo wọn wọlé fíì, tonílé tàlejò, mo dúró títí atẹ́gùn mi fẹ́ẹ̀ tán, fọ́tò ihò lásán ni mo gbé wálé.

Mòòkùn_Peckham: Ó yá, Anilao náà ni. Táíwò, nọ́ńbà gáìdì yẹn dà?

Táíwò_abẹ́omi: Wo inbox ẹ.