Wọ́n fi aṣọ òkè mi ṣe ìyàwó, owó mi ò tíì pé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ẹ káalẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi, inú ló ń bí mi.

Ìdílé Ọnọ́rébù kan ló gbéṣẹ́ fún mi, mi ò ní dárúkọ. Ọmọbìnrin wọn ń ṣègbéyàwó. Màmá ìyàwó ní òun ò fẹ́ aṣọ òkè tó kún inú ọjà ní Balógun, òun fẹ́ èyí tí wọ́n fọwọ́ hun n'Íṣẹ́yìn, oríṣi mẹ́ta: ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti gbọ̀ngàn, ti alẹ́. Àlàárì, aṣọ òkè pupa, ni ti gbọ̀ngàn. Ti alẹ́ ló fẹ́ẹ̀ pa wá. Sányán ni wọ́n fẹ́, àmọ́ kí òwú wúrà máa kọ mọ̀nà nínú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sídìí òfì títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi wú. Òwú tó ti gbówó lórí látìgbà tí náírà ti já ní 2023, àwìn ni mo gbà á, olówùú ń pè mí láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kó aṣọ lọ, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi mí jókòó sí títí oòrùn fi wọ̀. Omi lásán, wọn ò fi lọ̀ mí. Ìgbà tí Màmá máa jáde, iyùn wà lọ́rùn ẹ̀ ní ìpele ìpele, ẹ̀gbà góòlù kún ọwọ́ ẹ̀ dé ìdajì apá, ó ń dún woroworo bó ṣe ń nàka sí mi. Ó fi ìka méjì mú etí gèlè, ó ní, "Èyí ò pupa tó." Àlàárì! Ó sì wé e o, mo rí fọ́tò. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó wọ àǹkọ́ kún gbọ̀ngàn bámúbámú. Ohun tí èmi gbà bọ̀ lóde náà ni abọ́ oníke tí wọ́n tẹ ojú tọkọtaya sí.

Báyìí, tí mo bá pè, wọn kì í gbé e. Ṣé kí n gbé wọn sórí Facebook ni?

Ìyá Ìbejì Àgége:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe èmi náà. Mo dáná ìsìnkú ìyá alága kan. Wọ́n sanwó màlúù, wọ́n sanwó olórin, wọ́n ya agbádá tuntun fún àwọn tó gbé pósí. Owó alásè ló gbẹ̀yìn, kò sì dé títí dòní. Ìkòkò mi méjì tún sọnù níbẹ̀. Fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Kọ́lá Ìkòròdú:
Àǹtí, ẹ ṣàlàyé jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣàlàyé abọ́, ẹ ò sọ iye. Èló ni wọ́n jẹ yín? Ta ló bá yín dúnàádúrà? Ṣé ìwé wà?

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Èmi bínú sí ìwọ gan-an. Ta ní ń kó aṣọ fún olóṣèlú láìgba owó tán? Sányán wo sì ni wọ́n ń fi òwú wúrà sí? Inú ìtẹ́ kòkòrò ni wọ́n ti ń fa òwú sányán gidi, àwọ̀ ilẹ̀ ló ń ní. Tẹ́ ẹ bá ti fi èyí tó ń dán sí i, ẹ pè é lórúkọ mìíràn.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ohun tí oníbàárà bá fẹ́ la máa ń hun. Ṣé ìwọ lo máa bá mi rà á?

Baba Wálé Peckham:
Ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́. Ó pẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí mínísítà epo rọ̀bì wa tẹ́lẹ̀, Diezani Alison-Madueke. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó ní kí ohun ọ̀ṣọ́ 2,149 àti iPhone oníwúrà kan di ti ìjọba. Mílíọ̀nù 40 dọ́là ni wọ́n díye lé wọn. Ọrùn mélòó lèèyàn ní? Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Ní Malaysia, ní 2018, ọlọ́pàá wọ àwọn ilé tó jẹ mọ́ Najib Razak tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò olórí ìjọba àti Rosmah Mansor ìyàwó ẹ̀. Ohun ọ̀ṣọ́ 12,000, báàgì 567, aago ọwọ́ 423 ni wọ́n kó jáde.

Kọ́lá Ìkòròdú:
Bàbá, kí ló gbé Malaysia dé ìdí òfì? Obìnrin yìí ń wá owó ẹ̀.

Baba Wálé Peckham:
Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni? Ẹni tó lówó ẹ̀gbà tó tó bẹ́ẹ̀, tí ò sanwó aṣọ, o ò béèrè ibi tówó ẹ̀gbà ti wá?

Adé Múṣin:
Kó ọlọ́pàá lọ bá wọn, kíá ni wọ́n máa sanwó.

Lọ́yà Títí:
Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Òfin ọlọ́pàá ti 2020, abala 32, ò gbà kí wọ́n torí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀ nìkan mú èèyàn. Ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré wà l'Ékòó láti 2018. Tówó náà ò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ẹ kọ ìwé ìbéèrè owó sí wọn ná. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ pe ẹjọ́. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní kí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fi parí. Èló ni?

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ẹ ṣé, Àǹtí Lọ́yà. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6.8. Wọ́n san 2 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ku 4.8.

Lọ́yà Títí:
Ó bọ́ sí i nìyẹn. Ìwé wo lẹ ní lọ́wọ́? Inú àkáǹtì ta ni mílíọ̀nù 2 ti wá?

Ìyá Ìbejì Àgége:
Fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, ọmọ mi. Àwọn èèyàn yìí burú.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Àmín, Mà. Rìsíìtì wà, Àǹtí Lọ́yà. P.A. Ọnọ́rébù ló bá mi dúnàádúrà, Màmá kì í sọ̀rọ̀ owó. Àkáǹtì kọ́ńtírákítọ̀ kan tí mi ò mọ̀ rí ni 2 yẹn ti wá. Ohun tí P.A. ní kí n kọ sínú rìsíìtì náà ni mo kọ: yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé 400. Ó ní kí n kọ mílíọ̀nù 14. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀, mò ń bọ̀ wá gbé e síbí.

Lọ́yà Títí:
Ẹ MÁ GBÉ NǸKANKAN SÍBÍ.

Kọ́lá Ìkòròdú:
Háà!

Adé Múṣin:
Àǹtí, ẹ tú àṣírí wọn! Látìgbẹ̀yìn 2016 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní àwọn máa fún ẹni tó bá táwọn lólobó ní ìdá 2.5 sí 5 nínú owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Ìyẹn ju owó aṣọ lọ!

Lọ́yà Títí:
Adé, orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì? Ẹ dákẹ́ ná. Àǹtí Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní gbèsè. Tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yẹn lọ sílé-ẹjọ́, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ bi yín ni ibi tí yunifọ́ọ̀mù 400 wà. Ẹ má ya ìwé náà, ẹ má jó o, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tẹ́yin àti P.A. jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́. Ẹ wá agbẹjọ́rò tó máa jókòó tì yín kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, pàápàá EFCC.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ìwé lásán mà ni. Kò sí ọjà tí wọn kì í ti kọ irú ẹ̀. Kọ́bọ̀ kan nínú 14 yẹn ò kàn mí. Owó aṣọ mi ni mò ń béèrè o.

Tíṣà Abẹ́òkúta:
Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà yín, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ kan wà tó ń fi báàgì bo ìdí tó bá dìde lọ síwájú pátákó, torí ẹ̀yìn ṣòkòtò ẹ̀ ti já. Àǹtí, ẹ̀yin ń béèrè tiyín. Ta ló ń bá àwọn 400 yẹn béèrè?

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Àǹtí Tíṣà, èmi kọ́ ni mo dìbò yàn wọ́n. Èmi náà lọ́mọ nílé-ìwé, tí wọ́n sì ń béèrè owó lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn:
Ìdìbò kọ́ ló ń bi ọ́. Ọwọ́ ẹ ló kọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Àgége:
Ẹ má pariwo mọ́ ọn. Ebi ò jẹ́ kéèyàn ronú. Èmi náà ì bá kọ ọ́.

Baba Wálé Peckham:
Ṣé ẹ rí ohun tí mo wí nípa ẹ̀gbà?

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ẹ jọ̀ọ́, P.A. ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí báyìí. Ó ní kí n wá gba owó tó kù lọ́jọ́bọ̀. Ó ní kí n kó aṣọ ìwúyè Ọnọ́rébù dání, kí n sì mú ìwé rìsíìtì tí mi ò tíì kọ nǹkan sí, àmọ́ kí n ti lu òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sí i.

Kọ́lá Ìkòròdú:
Aṣọ ìwúyè wo? Ẹ tún ń hunṣọ fún wọn?

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Ẹ̀tù ni, agbádá àti fìlà. Kí ìyàwó tó wáyé ni wọ́n ti ní kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó ti jáde lófì, ìránṣọ ló kù.

Lọ́yà Títí:
Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìwé rìsíìtì yẹn kúrò nílé. Mo ti fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sínú ìnbọ́ọ̀sì yín, ẹ pè mí lálẹ́ yìí.

Àṣàkẹ́ Aláṣọ-òkè:
Màá pè yín, Mà. Aṣọ náà wá ńkọ́? Ṣé kí n ṣì kó o lọ?