Nígbà tí bààlúù ṣójà bá gba orí ilé wa kọjá

Ará Èjìgbò: Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ò jìnnà sí wa, nítorí náà bààlúù èrò kì í mú ká gbójú sókè mọ́. Ti ṣójà ló yàtọ̀. Hercules yẹn, elérù ńlá ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, tó bá fò nílẹ̀, páànù á máa gbọ̀n, ṣíbí á máa dún nínú abọ́. Mò ń sá aṣọ lọ́wọ́ ní Sátidé kan nígbà tó yọ sí wa. Ó súnmọ́lẹ̀ débi pé mo ka lẹ́tà NAF, ti ṣójà òfurufú Nàìjíríà, lára rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé òjìji rẹ̀, wọ́n ń juwọ́. Ìyá onílé wa káwọ́ lérí, wọn ò sọ̀rọ̀ títí ariwo ẹ́ńjìnnì fi lọ tán.

Wọ́n ní irú ọkọ̀ yẹn gan-an ló gbéra ní Ìkẹjà lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992, tó kó àwọn ọ̀gá ṣójà rẹpẹtẹ, tí kò sì pẹ́ tó fi já sínú àbàtà Èjìgbò níbí. Ẹnì kan ò yè nínú wọn. Ìyá onílé wa ṣì ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni.

Ará London: Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ o. Ọmọ tèmi ló máa ń fà mí jáde ní oṣù Kẹfà, tí wọ́n bá ń ṣayẹyẹ ọjọ́ ìbí Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Red Arrows, ẹgbẹ́ bààlúù ṣójà òfurufú wọn tó máa ń dárà lókè, ọkọ̀ pupa mẹ́sàn-án, wọ́n á fara ti ara wọn bí ẹyẹ lékeléke. Èéfín pupa, funfun àti búlúù tí wọ́n ń tú, díísù ni, wọ́n po aró mọ́ ti pupa àti búlúù. Àmọ́ ààfin ni wọ́n ń fi èéfín yẹn pamọ́ dè, ariwo nìkan ló ń kan àwa ará ìlà-oòrùn London! Inú ọmọ mi ń dùn ṣáá.

Ará Ìkẹjà: Inú tèmi kì í dùn sí i. Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní, ọdún 2002, nígbà tí ìró bẹ̀rẹ̀, a rò pé bààlúù ló ń ju bọ́ǹbù. Bí a ṣe ń sá lọ là ń wo òkè. Kò sí bààlúù kankan níbẹ̀, ilé tí wọ́n kó bọ́ǹbù sí ní bárékè ló ń bú. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá dé Òkè-Afà, inú odò ni wọ́n kú sí. Tí jẹ́ẹ̀tì bá kọjá báyìí, mo kọ́kọ́ ń bèèrè ibi tí àwọn ọmọ wà.