Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe ẹ̀rọ CNC: ọ̀rọ̀ lórí orúkọ àìsàn rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ìjíròrò lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ àìsàn ẹ̀rọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀mù-Àrán ní ká máa pè é ní "ìrìn wèrè" tí ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún. Àbúrò wa ní Ọ̀ffà kọ̀ ọ́, ó mú "ìgbésẹ̀ tó sọnù" wá. Ẹnìkan tún ju "ìnà ẹ̀yìn" sí i. Ẹ̀rín pa mí bí mo ṣe ń kà á, torí ẹ̀rọ tí ẹ ń sọ lórúkọ yìí wà níwájú mi ní Tanke, Ìlọrin níbí, òun ló sì ba wàláà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lóṣù tó kọjá.

Àlfáà kan ló fẹ́ wàláà mẹ́rin fún wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú rẹ̀, kí n gbẹ́ òdòdó yí etí rẹ̀ ká. Àkọ́kọ́ dára. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ dáadáa lápá òsì, ṣùgbọ́n kó tó yí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, òdòdó ti sún tó ìbú èékánná. Orí kò pàdé ìdí mọ́. Ká ní mo gbà pé wèrè ni, kí ni ǹ bá tọ́jú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá fẹ́ orúkọ fún ohun tí ojú rí, a ti ní "ségesège" tipẹ́, kò sì sí àgbẹ́gilére tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ségesège dà bí ìgbà tí èèyàn ní "ara mi ò yá". Ibà ni, àbí ebi? Àìsàn bíi mẹ́rin ló máa ń mú ẹ̀rọ yìí rìn ségesège, ìwòsàn wọn kò sì jọra. Èmi kò rí àǹfààní orúkọ kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn sínú àpò kan.

Ẹ wo "ìgbésẹ̀ tó sọnù". Gẹ̀ẹ́sì ("lost steps") ló wọ agbádá yìí. Kí ni nǹkan náà gan-an? Mọ́tọ̀ kékeré tó ń ti ẹ̀rọ náà, ìṣísẹ̀ 200 ló fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Pátákó tó ń darí rẹ̀ tún pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́nà 16, ó di 3,200. Ọ̀pá onísikúrù tèmi ń sún ní mìlímítà mẹ́rin fún ìyípo kan. Ẹ ṣírò ó: kí ẹ̀rọ tó lè sún mìlímítà kan péré, kọ̀ǹpútà ní láti pe mọ́tọ̀ nígbà 800. Ó ń pè, mọ́tọ̀ ń jẹ́. Ọjọ́ tí igi bá le jù tàbí tí eré bá pọ̀ jù, ó pè, mọ́tọ̀ kò jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Ó dà bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ láìgbójú sókè, tó kàn ń fi àmì sí ìwé pé gbogbo ọmọ ló wà. Kò sí ohunkóhun tó sọnù níbẹ̀. Ìpè wáyé, ìdáhùn ni kò wáyé. Nítorí náà, àbá mi ni àìjẹ́pè.

Mo ti mọ ohun tí ẹnìkan máa sọ: ní Ìlọrin, tí wọ́n bá ní bàbá kan ti "jẹ́ ìpè Ọlọ́hun", a ó múra ìsìnkú ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìjẹ́ ni mo wí, kì í ṣe jíjẹ́, ìyá tó ń pe ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lójúde kò sì ronú ikú tó bá ní "kò jẹ́ mi".

Bí mo ṣe mọ̀ pé àìjẹ́pè ló mú wàláà mi: mo yọ igi kúrò, mo fi pẹ́ńsùlù sàmì, mo ní kí ẹ̀rọ lọ 100 mìlímítà kó sì padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó ń padà sójú àmì. Mo wá gbé igi apá sí i, eré kan náà, ó yẹ̀. Mo dín eré kù láti 1,000 mìlímítà ní ìṣẹ́jú kan sí 500, mo sì ní kó máa jẹ igi díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹ́pè padà.

"Ìnà ẹ̀yìn", tí wọ́n tú láti ara "backlash" Gẹ̀ẹ́sì, ńkọ́? Ta ló ń na ta? Àwọn mẹkáníìkì wa ní àdúgbò Táíwò kàn máa ń sọ pé "ó ní plé", ó sì yé gbogbo ayé. Nọ́ọ̀tì tó ń rìn lórí ọ̀pá onísikúrù àti ọ̀pá náà kò fún ara wọn mọ́, nítorí náà tí ẹ̀rọ bá ń lọ síwájú, kò sí wàhálà; ìgbà tó bá yí padà ni ọ̀pá máa kọ́kọ́ yí lásán kó tó fa nọ́ọ̀tì. Ẹ ní kó gbẹ́ róbótó, ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tó ti yí. Ilé ahunṣọ ni ìyá mi ti wá, mo sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn pé òwú "dẹ̀". Ìdẹ̀ àbọ̀ ni mo fẹ́ ká pe èyí, torí àbọ̀ nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n, àlọ kì í tú u fó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti àìjẹ́pè kò kéré: ìdẹ̀ àbọ̀ kì í pọ̀ sí i bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Iye tó yẹ̀ lórí òdòdó àkọ́kọ́ náà ni yóò yẹ̀ lórí ìkẹyìn. Àìjẹ́pè ní tirẹ̀ ń gorí ara wọn, bí gbèsè. Nọ́ọ̀tì onísípíríǹgì ni oògùn ìdẹ̀ àbọ̀; ẹ lè dín eré kù títí di ọ̀la, kò níí gbọ́.

Sikúrù kékeré tó so mọ́tọ̀ mọ́ ọ̀pá náà lè tú. Mọ́tọ̀ á máa yí, ọ̀pá á dúró. "Yíyọ̀" ti tó fún ìyẹn, ẹ má dá ọ̀rọ̀ tuntun kankan.

Pátákó adarí tí mo dárúkọ lókè yẹn, dírẹ́bà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń pè é. Ẹ wo ìjàngbọ̀n: "dírẹ́bà mọ́tọ̀ gbóná, ó dúró lójú ọ̀nà". Ẹni tó gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà á rò pé ọkọ̀ Ajàṣẹ́ la ń sọ. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni, tó bá gbóná jù, ńṣe ló máa ń pa ara rẹ̀ títí á fi tutù, gbogbo ìpè tó wọlé lásìkò náà a sì lọ lásán. Ẹ fi fáànù kékeré sí i. Nípa orúkọ, "atukọ̀" wù mí ju dírẹ́bà lọ, ṣùgbọ́n mi ò níí bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan, òun ló dùn mọ́ mi jù. Nígbà míràn, wáyà mọ́tọ̀ tó ń yí ọ̀bẹ máa ń sún mọ́ wáyà tí ìpè ń gbà. Iná ọ̀kan á tọ ìkejì, mọ́tọ̀ á gbọ́ ìpè tí ẹnikẹ́ni kò pè, á sì gbéra. Tàbí kẹ̀, ẹ̀rọ á dúró lójijì, á ní òun ti kan ògiri, nígbà tí ògiri ṣì jìnnà. Ẹ ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ lo wáyà tó ní ìbòrí irin, ẹ sì so ìbòrí náà mọ́ wáyà ilẹ̀ ("earth") lápá kan. Ṣé ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ, pé téèyàn bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lóru tí kò rí olùpè, kó má dáhùn? Nọ́ìsì ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é; èmi pè é ní ìpè òru.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti gba àìjẹ́pè, ó sì ti ń fi ìdẹ̀ àbọ̀ yangàn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di lẹ́yìn mọ̀gáríbì, tí ẹ̀rọ sì ṣe bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ dárúkọ ẹ̀kẹta. Á ní, "Bọ̀ọ̀dá, nọ́ìsì nìyẹn."