Àbọ̀ rèé: géèmù oníbọ́tìnnì kan mi ti fò o!

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Lọ́jọ́ Ẹtì, mo béèrè ìdí tí ọmọ inú géèmù mi, èyí tí mò ń fi Godot (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe géèmù) ṣe fún ìdíje oníwákàtí 48, kì í fi í fò nígbà míì tí mo bá tẹ bọ́tìnnì létí pèpéle. Mo ti rí i yanjú.

Bọ́tìnnì ò lẹ́bi. Ìka ènìyàn ló máa ń pẹ́ díẹ̀: ẹsẹ̀ ọmọ náà á ti kúrò lórí pèpéle kí a tó tẹ̀ ẹ́. Mo wá fún un ní férémù 6 (àwòrán kọ̀ọ̀kan tí géèmù ń fi hàn tẹ̀ léra) láàyè láti ṣì fò lẹ́yìn tó bá já. Bí férémù 60 ṣe ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré nìyẹn. Bí o bá sì tètè tẹ̀ ẹ́ kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, géèmù á rántí, á fò bó bá ṣe ń balẹ̀. Àbúrò mi ò mọ̀ pé mo yí nǹkan kan padà. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn báyìí." Ẹ̀rín pa mí.

Ẹni tó ní kí n fi bọ́tìnnì kejì kún un, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò gbà. Ọmọ náà ń sáré fúnra rẹ̀, ògiri ló ń dá a padà. Tẹ̀ ẹ́ pẹ́, á fò ga. Tètè tú u sílẹ̀, á fò kúkurú. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìpele 12 ni mo fọkàn sí, 7 ló jáde (iná lọ lálẹ́ Sátidé). Kò lórin, ẹnu ara mi ni mo fi ṣe ìró ẹsẹ̀. Ó ku ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ránṣẹ́. Mo ti ti ọ̀rọ̀ yìí pa.