Ẹ gbà mí o: ẹ̀rọ wo ni kí n rà láti fi lu ihò òpó?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹkún ló kù tí mi ò tíì sun. Mo fẹ́ ṣe ọgbà yí adágún ẹja mi ká. Awọ́nríwọ́n ń kó mi ní àrọ̀ lójú mọmọ, àwọn ọmọ ìpátá ń fi àwọ̀n gbọ́n èyí tó kù lóru. Lébìrà tí mo pè gba 10,000 náírà àsansílẹ̀, ó gbẹ́ ihò méjì, ó ní òun ń lọ jẹ àmàlà. Láti ọjọ́ Jímọ́ yẹn, àmàlà náà kò tíì tán. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé fóònù. Ọkọ mi ní ṣebí òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ṣọ́bìrì láti ọjọ́ tí a ti ra ilẹ̀! Ẹ̀rọ tó wà nílé gan-an ń fi mí ṣẹ̀sín, á kàn máa pòyì lójú kan bí òkòtó. Mo rí òmíràn ní Géètì, oní ẹ́ńjìnnì 52cc àti oní 63cc tó tóbi jù ú lọ. Èwo ni kí n rà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n pe lébìrà.

Bàbá Ìbejì Akóbọ̀:
Ẹ pe lébìrà, mà.

Wẹ́dà Ọjọ́ọ̀:
Ìyá, ihò mélòó ni? Báwo ló ṣe fẹ́ jìn tó? Ilẹ̀ amọ̀ ni àbí yangí? Ẹ ò sọ ọ̀kan ṣoṣo, àmàlà lẹ sọ. 52cc á ṣe é tí ilẹ̀ bá rọ̀. Tó bá jẹ́ yangí, 63cc náà á gbọ́n jìnnìjìnnì. Ẹ sì ṣọ́ra o. Tèmi bá gbòǹgbò pàdé lábẹ́ ilẹ̀: irin dúró, ẹ̀rọ ò dúró, ọrùn ọwọ́ mi ló bá yí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyàwó mi fi ń fi òkèlè sí mi lẹ́nu.

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ọ́ìlì ńkọ́? Ẹ̀rọ yẹn kì í mu pẹtiróòlù lásán. Lítà 1, ọ́ìlì two-stroke mílílítà 40. Àbúrò mi da epo nìkan sí tirẹ̀, kó tó di ọ̀sán písítìnì ti gan pa.

Mẹ̀káníìkì Ìwó Road:
40 ti pọ̀ jù, èéfín ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fi pa ẹ̀fọn. 20 ni èmi ń pò.

Ọmọ Olúyọ̀lé:
Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ohun tó wà lára ọmọrí táǹkì tèmi ni? 25:1 ló wà níbẹ̀, epo 25 sí ọ́ìlì 1.

Mẹ̀káníìkì Ìwó Road:
Tèmi, 50:1. Kí oníkálukú ka ọmọrí tirẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Mo mọ ọ́ìlì pò, èmi kì í ṣe ọmọdé. Ilẹ̀ pupa ni, ó ní òkúta wẹ́wẹ́ nínú. Ẹ̀rọ tó wà nílé kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́ o, Winnipeg ni àbúrò mi ti fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ń tú u, ẹnu rẹ̀ gé mi níka, ó mú bí abẹ. Àmọ́ ihò àkọ́kọ́ ló ti kú tì.

Wẹ́dà Ọjọ́ọ̀:
Ẹ dúró ná. Ó mú bí abẹ? Èyí tó ń lu ilẹ̀ kì í mú bẹ́ẹ̀. Ṣóńṣó ló máa ń ní láàárín, pẹ̀lú eyín irin kúkúrú tó nípọn. Kí ni wọ́n yà sára páálí rẹ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Òyìnbó kan tó wọ kóòtù onírun. Ó jókòó láàárín nǹkan funfun kan, ó gbé ẹja dání. Ẹja yẹn ni mo rí tí mo fi gbà pé ti ẹlẹ́ja ni.

Àǹtí Kánádà:
Yéè! Ìyá mi, yìnyín ni wọ́n fi ń lu! Nígbà òtútù, omi adágún níbí á dì gbagidi, ènìyàn á máa rìn lórí rẹ̀. Tí kò bá tíì nípọn tó ínǹṣì 4, a kì í gbẹ́sẹ̀ lé e. Wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹn lu ihò tó fẹ̀ ní ínǹṣì 8 tàbí 10, wọ́n á ju ìwọ̀ sínú omi tó wà nísàlẹ̀, wọ́n á jókòó tì í. Fífá ni ẹnu rẹ̀ ń fá yìnyín, bí abẹ onígbàjámọ̀. Iyanrìn bíńtín ń ba ẹnu yẹn jẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ yangí Mọ́níyà.

Bàbá Ìbejì Akóbọ̀:
Kí Ìyá lọ fi lu yìnyín inú fìrísà. Iná ni ò sí.

Mẹ̀káníìkì Ìwó Road:
Orí ẹ̀rọ náà ṣì lè wúlò. Ẹ tú irin lílọ́ yẹn kúrò, kí ẹ gbé orí rẹ̀ dání lọ sí Géètì, kí wọ́n fi irin ti ilẹ̀ wò ó níṣojú yín kí ẹ tó sanwó. Tí kò bá wọlé wẹ́kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wẹ́dà lẹ̀ ẹ́. Òmíràn á tiẹ̀ wọlé, jíà rẹ̀ ò ní lè gbé ilẹ̀.

Wẹ́dà Ọjọ́ọ̀:
Kí ló kan wẹ́dà níbẹ̀? Ìyá, mo tún bi yín: ihò mélòó?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Mẹ́rìndínlógún. Méjì ti wà nílẹ̀.

Wẹ́dà Ọjọ́ọ̀:
Ihò mẹ́rìnlá lẹ fẹ́ torí ẹ̀ ra 63cc! Ẹ da omi sójú ibẹ̀ lálẹ́ kí ilẹ̀ rọ̀. Digà, ọ̀pá irin, ọkùnrin méjì, ó parí.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Mo tiẹ̀ ti pe ọmọkùnrin yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lónìí. Ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kí n ṣáà fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́.

Bàbá Ìbejì Akóbọ̀:
Ẹ má fi ránṣẹ́ o, mà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà:
Mo ti fi ránṣẹ́.